Owó Ẹyọ Ìdí Ìbọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ kà á tán ná. Ọdún méjì rèé tí irọ́ kan ti ń fún mi lọ́rùn. Ǹ bá tún dákẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bàbá tí mo purọ́ fún ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́.

Káfíńtà ni mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó Bódìjà. Alájì kan ní Òkè-Àdó ló ni ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ló gbà mí sílé, àwọn ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan Alájì gbé ìbọn ṣọ́jà àtijọ́ kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ja ogun Bọ́mà. Wọ́n ní bàbá àwọn ló fi sílẹ̀. Ẹnìkan ti gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó fi òrùka idẹ dè é mọ́ igi, ó sọ ọ́ di ìbọn ọdẹ. Igi ìdí rẹ̀ ti là. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Mo tú irin tó bo ìdí rẹ̀. Owó ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rì sínú igi, ìlà mẹ́ta wà lókè rẹ̀. Mi ò kà á sí. Mo dá irin padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá ọdẹ kan láti Òjòó wá gba àpótí tí mo kàn fún wọn. Wọ́n rí ìbọn náà. Wọ́n fọwọ́ kan òrùka idẹ yẹn, wọ́n sì jókòó sínú eruku pákó.

Wọ́n ní bàbá àwọn ló ní kí alágbẹ̀dẹ gé e bẹ́ẹ̀. Ó gbé e wọ igbó nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kò bọ̀. Aráyé ní ó sá fi ìyá àwọn sílẹ̀ ni. Àwọn ọdẹ ò sì ṣípà fún un, ètùtù ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe fún ọdẹ tó kú, kí ó lè sinmi, torí wọn kì í ṣípà fún ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá ó ti kú.

"Ọmọ mi, tú irin ìdí rẹ̀. Owó ẹyọ kan ń bẹ níbẹ̀, ìlà mẹ́ta lókè rẹ̀. Bí ò bá sí, òpùrọ́ ni mí."

Mo ní àfi kí ẹni tó ni ín mọ̀ sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́, àwọn á mú ẹlẹ́rìí wá lọ́la.

Mo pe Alájì wá, mo ròyìn ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ fún wọn. Wọ́n wo owó ẹyọ náà pẹ́. Wọn ò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Gé e kúrò, kí o sun ún," wọ́n ní. "Ṣé kí wọ́n máa pe bàbá mi ní apànìyàn nínú sàréè ni?"

Mo gé e. Mo lẹ igi mìíràn mọ́ ọn, mo kùn ún.

Nígbà tí àwọn ọdẹ dé, mo tú irin níwájú wọn. Igi lásán ni. Wọ́n bi mí bóyá mo rí nǹkan níbẹ̀ rí. Mo ní rárá. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní téèyàn bá ti dàgbà, gbogbo ìbọn ló máa ń jọ ìbọn bàbá ẹni. Èmi ni bàbá ń wò.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ojú tìrẹ ló rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sun igi tí mo gé. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, owó ẹyọ ṣì wà lára rẹ̀.

Lánàá, Alájì wá. Orí àpótí yẹn gan-an ni wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ara bàbá Òjòó ò yá. Wọ́n ní, "Igi ọjọ́sí, o sun ún, àbí?" Mo ní mo sun ún. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa wá bá mi jókòó lójoojúmọ́. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá gbé e lọ sí Òjòó, mo ti sọ bàbá ẹni tó tọ́ mi di apànìyàn. Bí mi ò bá gbé e lọ, bàbá yẹn á kú bí ọmọ ẹni tó sá nílé, kò sì sẹ́ni tó máa ṣípà fún bàbá wọn mọ́ láéláé. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí mo bá wọlé tọ̀ wọ́n? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Wọ́n ní bàbá Òjòó ò jẹun mọ́ láti ìjẹta.