Eyín Onígbà Díẹ̀

Kò sí adé ọba tó gbayì tó eyín iwájú tó pé, lójú ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Lórí ìlà ní kẹ́míìsì kan ní Agboju, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà eyín ń bi obìnrin kan:

"Àǹtí, eyín onígbà díẹ̀ ni mo ṣe fún yín! Ẹ ò wá gba èyí tó máa pẹ́?"

"Ó yọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́."

"Súpà kí ni? Yéè! Gúlù eyín tí kò lẹ̀ pinpin ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn, kó lè rọrùn láti yọ! Tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ báyìí, kùkùté eyín yín tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bá a jáde!"

"Dókítà mi, ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kí eyín òun rọrùn láti yọ?"

Gbogbo ìlà lanu rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo pa tèmi dé. Súpà gúlù lèmi náà fi lẹ eyín iwájú mi.