Mo Rí Ọkọ Mi Láàyè Nínú Ilé Ìdè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlá ebi. Ẹ mọ Bàbá Tóbi, ọkọ mi, tó ń wa tipa yanrìn. Láti ìgbà tó ti fi ẹ̀yìn ṣèṣe ni wọ́n ti ń ta oògùn apàrora tramadó fún un. Níbẹ̀rẹ̀, ìrora ló ń lò ó fún. Nígbà tó yá, bí kò bá ti lò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, kò sì ní lè sùn.

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo gbé orí lé àga gbọọrọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbí kí n sinmi díẹ̀. Oorun gbé mi lọ. Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí, ó ní, "Obìnrin, dìde, tẹ̀lé mi."

A sọ̀ kalẹ̀ títí a fi dé ilé gígùn kan tí kò ní fèrèsé. Òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè nàró nínú rẹ̀, ooru ibẹ̀ sì dà bíi ti ààrò búrẹ́dì. Mo rí àwọn tó ń ta oògùn apàrora, tí wọ́n ń búra fún aláìsàn pé kò léwu. Oògùn náà kún ẹnu wọn, wọn kò lè gbé e mì, wọn kò lè tu ú. Mo rí dókítà kan tí ẹrù wúwo tẹ ọrùn rẹ̀ ba.

Mo ní, "Olúwa mi, kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Òpùrọ́ ni àwọn ti ìṣáájú. Dókítà yìí kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn aláìsàn rí. Á kàn kọ oògùn, á pe ẹni tó kàn."

Ní kọ̀rọ̀ kan ni mo ti rí ọkọ mi. Mo yíjú sí amọ̀nà mi.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò tíì kú. Ibí ló ń gbé láti ọjọ́ yìí wá."

Ọkọ mi gbójú sókè. "Ìyá Tóbi, ta ló mú ọ wá síbí? Tètè padà."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á, kò lè nàró, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnu ọ̀nà, ògiri ni, mo sáré sọ́tùn-ún, ògiri, mo sáré sósì, ògiri, òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀ lé mi lẹ́yìn ọrùn, mo pe orúkọ Jésù, ohùn mi lu ògiri ó padà sí mi létí.

Nígbà náà ni ògiri ya, obìnrin kan wọlé. Mo dá a mọ̀. Màmá Adéọlá ni, tó ti di olóògbé, tó jẹ́ fisió ní ilé ìwòsàn, tó máa ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bí wọn yóò ṣe tún rìn. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó kúnlẹ̀ ti ọkọ mi, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

"Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

"Gbogbo ibẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

"Dókítà ni yóò máa dín ìyẹn kù fún ọ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá dá a dúró lójijì, ara rẹ kò ní gbà á. Èmi, ẹ̀yìn rẹ ni mo bá wá. Mí sínú. Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún."

"Ó ń dùn mí, mà."

"Mo mọ̀. Ìrora yìí kò ní pa ọ́. Gbé e."

Ọkọ mi pa eyín pọ̀, ó gbé e. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń sunkún. Màmá Adéọlá ní, "Tún gbé e."

Láti ibi tí ògiri ti ya, mo rí pápá tútù kan. Àwọn tó ti yarọ rí ń rìn láìmú ọ̀pá, àwọn tó fi sùúrù gbé wọn dìde sì jókòó létí omi, wọ́n ń sinmi. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ sí mi lójú. Mo bẹ amọ̀nà mi kó jẹ́ kí a lọ.

Ó ní, "Àkókò rẹ kò tíì tó. Lọ sọ ohun tí o rí."

Mo jí. Mo lọ tààrà sílé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi.

Ó ní, "Ṣé mo jáde?"

Mo ní, "N kò mọ̀. Mo jí kí n tó rí i."

Ó ní kí n bá òun mú bàtà òun. Ilé ìwòsàn la gbà lọ. Dókítà ti ń dín oògùn náà kù, fisió ibẹ̀ sì ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, á gbéra lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á máa ṣépè fún gbogbo wa.

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Kò tíì jáde nínú ilé ìdè náà. Bí ó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun ra oògùn náà, ẹ má rà á. Ẹ tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń tà á nínú wa, kó jáwọ́ lónìí. Ilé yẹn gùn, mo sì rí i pé àyè ṣì wà nínú rẹ̀.