Ọwọ́ Ta Lẹ Dàgbà Sí?

Lórí bẹ́ǹṣì alákàrà kan ní Enugu Road, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà lọ́sibítù àwọn alárùn ọpọlọ.

“Dókítà ní àwọn ń bi gbogbo òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn, ìwé tí wọ́n kà.”

“Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ọmọ tó ń dì mọ́ ẹ láàárọ̀, tó ń ṣépè fún ẹ lọ́sàn-án?”

“Ó tún bi mí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Mo ní rélùwéè ń tiransifá bàbá ẹ̀ kiri, la fi gbé e lọ bá ìyá mi ní Ọ̀fà.”

“Ṣebí gbogbo wa la ń gbọ́mọ lọ sílé.”

“Dókítà wá rọra ní, ‘Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ọwọ́ ta lẹ dàgbà sí?’”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kai! Ó bi ẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ní ọwọ́ ìyá àgbà lèmi náà dàgbà sí. Láyé mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí.”