Orí Salomé Gbàwé

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú Salomé ní Pira, Ézéchiel, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ń bá Ọmọ́ṣaléwá wí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé fi sílẹ̀. Ó ní kí ó gbàgbé ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, oko kájú ń dúró dè é. Ó ní, "Ìyá rẹ dán an wò, kò wọlé. Orí wọn kì í gbàwé ní ìdílé ìyá rẹ." Àwọn ará ilé ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú bí mi débi pé mo gbé omi tí wọ́n fún mi kalẹ̀, mo sì dìde láti sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti wá.

Ní ọdún 1972, èmi àti Salomé jọ ń múra ìdánwò yẹn ní míṣọ́n ní Savalou. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo ni Sístà tó ń kọ́ wa rí fún wa, ó sì ya ojú ìwé àwọn ìdáhùn kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó pín ìbéèrè náà fún wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ láìwo ìdáhùn, kí oníkálukú fi ìdáhùn yẹ iṣẹ́ èkejì rẹ̀ wò ní Sátidé, kí á sì tún èyí tí a bá ṣì ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní èyí tí ẹ gbà kò kọ́ yín ní nǹkan kan, èyí tí ẹ ṣì ni olùkọ́ yín. Salomé ń yẹ tèmi wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Tí mo bá ṣì í, á rẹ́rìn-ín: "Joséphine, ṣé iṣu ni, tí o fi ń fojú wọ̀n ọ́n? Tún un ṣe." Á sì jókòó tì mí títí tí n ó fi gbà á.

Báyìí ni mo ṣe san oore náà. A gbọ́ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú ní agbègbè wa. Salomé mọ̀wé jù mí lọ. Ibì kan péré ló ń ṣì: ìṣirò pípo oògùn mọ́ omi. Ibi tó yẹ kó ti pín, ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣe. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo fi àmì sí i pé ó gbà á. Ní ìkejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìkẹta, òun fúnra rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú? Èsì yìí pọ̀ jù lójú mi." Ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló wà níbí." Olè ni mí, olè tó ń gbàdúrà kó tó jẹun.

Ìbéèrè oògùn àti omi mẹ́rin ló wá lọ́jọ́ ìdánwò. Mo wọlé, kò wọlé. Ẹ gbọ́ èyí: ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n ń wá ní agbègbè wa. Èmi nìkan ni wọ́n rí mú.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá Salomé gun ọkọ̀ akẹ́rù wá bá mi ní Savalou. Ó ṣí fìlà. "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ jọ kàwé. Ṣé kí n jẹ́ kó tún un kọ, àbí kí n fún un lọ́kọ?" Ẹ̀rù bà mí pé tó bá tún un kọ, á mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ má dààmú ara yín. Orí rẹ̀ kò gbàwé." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ fún un lọ́kọ. Láti ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ tí Ézéchiel ń sọ ti jáde.

Ọmọ́ṣaléwá, máa ṣe ìbéèrè rẹ láìwo ìdáhùn, kí o sì fi ojú ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí o bá ti ṣì í, ibẹ̀ ni kí o jókòó sí. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ dára, sọ fún un pé kó fi ìdáhùn hàn ọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, mo tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ẹ̀gbọ́n Ézéchiel, ẹ lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.