Sòbìà Tí Kò Já Lọ́jọ́ Eré Kànga

Ẹ̀yin ará mi, ọpẹ́ ló gbé mi dìde. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọ ilé yìí láàárọ̀ yìí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yìn. Mọpẹ́ẹ̀, àlùfáà wa tó jókòó síwájú yẹn, ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kó gùn, torí ìsìn Máàsì ṣì kù. Ẹ mọ èmi Feronika, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àtiparí rẹ̀ ló máa ń ṣòro. Màá gbìyànjú.

Ohun tí ojú wa ti rí lórí omi ọ̀gọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀ òkè yìí, kò sí ilé tí kò kàn. Bí ìgbà àtigbin iṣu bá dé báyìí, ìgbà yẹn náà ni sòbìà ń jáde lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Lọ́dún tó kọjá, èèbù iṣu jẹrà sínú abà, àwọn tó yẹ kó gbìn ín jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ síta. Matia ọmọ mi kò lè dé iléèwé títí òjò fi dá. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ fún wa pé inú omi yẹn ló ti ń wá. A gbọ́, a wá ń wo inú igbá kí a tó mu ún, ṣùgbọ́n omi wo la tún fẹ́ mu?

Ìyẹn ni inú wa ṣe dùn nígbà tí ọ̀rọ̀ eré náà dé. Ìjọ wa àti àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ọjà Dasa ló jọ gbé e kalẹ̀. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan fa sárésáré kan kalẹ̀, kó sáré láti ọjà Dasa dé ìlú Soclogbo. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ti mú abúlé tirẹ̀. Bí sárésáré abúlé náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Soclogbo kí oòrùn tó wọ̀, á ra símẹ́ńtì kànga fún wọn. Bí kò bá dé, ó di ọdún míì.

Kamaráàdì délégué, olórí abúlé wa lábẹ́ Ìjọba Ìyípadà, ló ní obìnrin ni wọ́n máa mú, torí ayé ti yí padà. Èmi ni wọ́n wá nàka sí, wọ́n ní mo máa ń gbé omi gòkè láì sinmi. Èmi tó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá wúkọ́, àyà mi á já.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara kọ́ eré. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá sáré yí òkè ká. Àwọn ènìyàn wa kò rí i rí kí àgbàlagbà máa sáré láìsí ohun tó ń lé e. Bàbá Atánásì gbé àdá jáde lọ́jọ́ kan, ó ń bi mí pé níbo ni iná ti ń jó. Mo ní kò síná, eré ni mò ń kọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o ṣe dàgbà tó yìí, o kò tíì mọ eré sá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín rín. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ara mi tí mo ṣubú sójú títì, tí omi wa dànù.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ìṣubú ni nǹkan ti wú ní ọrùn ẹsẹ̀ mi, tó ń ta mí bí ata. Nígbà tó bẹ́, mo rí orí okùn funfun nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, ló mú orí rẹ̀, tó so ó mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ká a díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. A kì í fà á. Bó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, á kẹ̀, onítọ̀hún sì lè máa tiro títí ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ká sòbìà nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í kíni, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀.

Kamaráàdì gbàgbé. Òun ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ó wá wo bí ara mi ṣe rí, ó sì na ìkúùkù sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe kíkí ìjọba, èyí tí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti dáhùn ní ìpàdé. Kí n tó mọ̀, mo ti fò dìde, mo na ọwọ́, mo dáhùn. Igi ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe fà mí dé orúnkún.

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè. Ó ní, "Kamaráàdì, ẹ gbé Ìyípadà yín dúró síta ná." Kò já, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó kanrí, ẹsẹ̀ mi ti wú.

Bí mo bá sáré, sòbìà lè já, mo di arọ. Bí n kò bá sáré, Matia á tún mu omi yẹn. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè ohun tó yẹ kí n ṣe. Ẹ mọ̀ pé òrìṣà ilé wọn lòun ń bọ ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ni mo ní, n kò ní àṣẹ. Lọ bi Ọlọ́run rẹ." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, n kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, ṣáà bá mi di okùn yìí mú.

Lọ́jọ́ eré, a fi aṣọ di igi náà mọ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì bá wọn gbéra. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi fi mí sílẹ̀. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, òkúta yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn nínú aṣọ. Mo ní ó ti já. N kò wò ó. Bí mo bá wò ó, n kò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Mo ń sá, mo ń tiro, mo ń sunkún, mo ń pe Jésù, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń lọ.

Ó ku díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí mo dé Soclogbo. Ìyá Àgbà ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá dè mí. Kò kí mi, aṣọ ẹsẹ̀ mi ló tú. Sòbìà náà ti jáde tán, ó wà nínú aṣọ lódidi. Ó wá ìrù rẹ̀, ó rí i. Ó tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó ti ká ti gbogbo abúlé, tí n kò rí omijé rẹ̀ rí, ó jókòó sínú eruku, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, oníṣòwò wa mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lánàá ni omi jáde nínú kànga. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ bá mi yọ̀. Bí Máàsì bá parí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa yà síbẹ̀. Ẹ bù ú, kí ẹ sì mu ún láì kọ́kọ́ wo inú igbá.