Bíréèkì Tí Mi Ò Tíì Ṣe Tán

Màámi, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò wá jókòó! Ọmọ yín ti ba tèmi jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló fẹnu ba iṣẹ́ mi jẹ́!

Ẹ kúkú mọ̀ pé ọkọ̀ títúnṣe ti wù mí láti kékeré. Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé, abẹ́ ọkọ̀ tẹbí tará lẹ ó ti bá mi, ọ̀fẹ́ ni, mo kàn fi ń gbádùn ara mi ni. Àfi lọ́jọ́ tí ọ̀gá mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ òpópónà rí mi níbi tí mo ti ń tún ọkọ̀ tó kú sójú títì ṣe, ó ní, “Ọwọ́ rẹ dáa, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Sátidé.” Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun! Èmi tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Olóyè Gíríìsì!

Ta wá ni oníbàárà tí mo kọ́kọ́ mú lọ? Bùrọ̀dá yìí náà ni! Mo tú táyà, mo rí i pé bíréèkì ti jẹ tán, òróró rẹ̀ ń jò. Mo dá táyà padà, mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ yìí o, ẹ jẹ́ n sáré lọ ra tuntun wá.” Kí n tó dé, ó ti mú kọ́kọ́rọ́, ó ti lọ! Ibo ló ń sáré lọ? Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀! Bíréèkì ò mú, ọkọ̀ lọ kọlu ògiri ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, orí tó fẹ́ lọ fá ló fẹ́ẹ́ fi fọ́ ọ. Ká ní kì í ṣe Sátidé ńkọ́? Ká ní àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ńkọ́? Há!

Kí n dúpẹ́ pé kò farapa? Mo ti dúpẹ́! Àmọ́ kí ló sọ fún ọ̀gá? Ó ní èmi ni mo ní iṣẹ́ ti parí, kí òun máa wà á lọ. Irọ́ funfun báláú! Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ti ní kí n kó irinṣẹ́ mi, kí n máa lọ, pé ẹ̀mí èèyàn ni mò ń fi ṣeré.

Kí n má pè é ní “ó”, torí ẹ̀gbọ́n mi ni? Àgbà tó purọ́ mọ́ àbúrò, “wọ́n” wo ló kù lára ẹ̀?

Ẹ ò mọ ibi tó wà? Ẹ ò mọ̀? Ta ló wá ń húkọ́ nínú yàrá yẹn? Màámi! Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bùrọ̀dá, jáde! Ọ̀dọ̀ ọ̀gá là ń lọ báyìí, ẹnu tó o fi purọ́ náà lo máa fi tú u. Wọ bàtà ẹ. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín, ṣebí o ti fi ọkọ̀ kí ògiri!