Negotiation Lórí Odó

Inú mi ṣì ń dùn! Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Tudun Wada bọ̀ ni mo ti gbọ́ obìnrin kan tó ń bi àbúrò ẹ̀ ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìjà òwò láàárín ìlú sí ìlú, torí lọ́la lọmọ náà máa ṣèdánwò iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó àlùbọ́sà lọ sókè òkun.

"Kí ni tariff?"

"Owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ìlú míì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Embargo ńkọ́?"

"Bí ẹ ṣe ní ìyálé yín ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan odó yín mọ́ yẹn."

"Haba! Èmi lo fi ń ṣàpẹẹrẹ? Ó dáa, retaliation?"

"Òun náà ní ẹ ò gbọdọ̀ lọ ata lórí ọlọ òun."

Mo yáa fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọlọ́gbọ́n! Negotiation wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ni kì í dúró sí mi lórí. Mi ò tíì rí i nílé yín."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí títì. Ó ní: "Tá a bá délé, bá mi gbé odó yẹn lọ fún un. Sọ fún un pé mo ní kó wá, ká jọ sọ̀rọ̀. Mi ò lè jẹ́ kó o féèlì nítorí odó."

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Runjin Sambo, mo ń pe negotiation, negotiation, títí mo fi délé.